Bí Mo Ṣe Wá Físà Ọdẹ Ọ̀kẹ́rẹ́ Dé Ẹnubodè Òkè-Òjìji

Kí ẹ tó jókòó tán, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Lọ́dún tí ọ̀dá dá wa ní Òkè-Ìrókò yìí, èmi Ọdẹ́lékè ni mo gun igi àràbà dé ṣóńṣó orí rẹ̀, mo gbá oòrùn létí mú, mo sì nà án ní pàṣán títí ó fi ń sunkún. Ẹkún rẹ̀ ni òjò tí ẹ fi gbin àgbàdo lọ́dún náà. Àpá pàṣán yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni kó gbójú sókè wò ó lọ́sàn-án gangan, kó wá sọ ohun tó rí fún wa. Ìyá Àṣàkẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Ìyá Àṣàkẹ́. Ṣebí ẹ̀yin náà jẹ nínú àgbàdo ọ̀hún.

Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó na oòrùn kì í ṣe ẹni tó yẹ kí bébà pélébé dá dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bébà dá mi dúró. Mo ti bá ẹkùn jìjàkadì rí. Mo ti bá erè sùn nínú ihò kan náà, tí àwa méjèèjì jọ ń fa aṣọ ìbora mọ́ra wa lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó fi ojú mi rí màbo bí ìwé ẹ̀bẹ̀ físà tí mo fẹ́ fi lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Òkè-Òjìji. Inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Bí ẹ bá rí i tí mo tutọ́ sílẹ̀, ẹ má rò pé ẹ̀yin ni mò ń tu ú sí.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹran ti tán nínú igbó wa. Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, tó jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, sọ fún mi pé ó ti sú òun láti máa se ọbẹ̀ tí kò ní ẹran fún ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní ọdẹ. Ó ní àwọn ọmọ ti ń bèèrè bóyá ìbọn bàbá wọn ń gbààwẹ̀ ni. Mo gbé ìbọn náà, mo wọ Igbó Aṣípòpadà, níbi tí àwọn igi a máa dìde kúrò láàyè wọn bí èèyàn bá ti kẹ́yìn sí wọn. Bí o bá fi ọ̀bẹ ṣàmì sára igi kan kí o má baà sọnù, igi náà á lọ dúró síbòmíràn, á sì máa fi àmì náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti bá iwin kan tó jókòó tó ń sunkún. Olóbì lorúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ a máa yí po lọ́rùn rẹ̀ bí òkòtó, débi pé tó bá ń sunkún, omijé rẹ̀ a máa ta sí gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Mo fi apá nu ojú mi, mo ní kí ló dé. Ó ní òun ní ọgbà obì kan ní Ìlú Òkè-Òjìji, pé ọgbà náà ni òun àti gbogbo ará ilé òun fi ń jẹun, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ tiwa. Wọ́n tó ẹṣin. Bí wọ́n bá jẹ obì yó, wọ́n á jókòó sórí ògiri, wọ́n á máa fi èèpo rẹ̀ sọ olóko lórí. Bí òun kò bá rí ọdẹ gidi kí obì yòókù tó gbó, ó ní ọgbà náà parí nìyẹn.

Mo sọ fún un pé ọdẹ lèmi. Mo sọ ti oòrùn fún un. Orí rẹ̀ dúró lójú kan, ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní òun gbà mí síṣẹ́. Ó ní òun á fún mi ní ilé onípáànù, n óò máa jẹ ẹran láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, àti pé bí mo bá ti wọlé tán, Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ lè wá bá mi. Ẹ di èyí mú o. Bí mo bá rí físà yìí gbà, ìyàwó àti ọmọ mi bọ́ lọ́wọ́ ọbẹ̀ tí kò ní ẹran. Bí n kò bá rí i gbà, ilé náà ni n óò pa dà sí, ẹ sì mọ ẹnu Àwẹ̀ró.

Mo ní kí a máa lọ nígbà náà. Ó ní a kò lè lọ. Mo bi í bóyá odò ló wà lọ́nà. Ó ní ó ju odò lọ. Ó wá là á yé mi pé àjèjì kì í wọ Òkè-Òjìji wá ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ bá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún un lẹ́nubodè. Ọ̀gá yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ náà gba ọ̀mọ̀ṣẹ́, pé kò sí ọmọ ìlú tó lè ṣe é, àti pé ẹni tí òun ń mú bọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́.

“Ìwọ kọ́ lo máa bẹ̀bẹ̀,” ó wí. “Èmi ni mo máa bẹ̀bẹ̀ fún ọ. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa kó ìwé wá.”

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kejì, tí tíṣà fúnra rẹ̀ sọ fún bàbá mi pé kó máa mú mi lọ sílé nítorí pé kò sí ohun tí òun tún lè fi mí ṣe. Ta ni ìwé fẹ́ dẹ́rù bà?

Ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò la kọ́kọ́ lọ. Iwin ni òun náà, ọrùn rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì, ara rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé tó ń sá oòrùn. Mo bi í bóyá n óò rí físà náà gbà. Ó ní ó ṣeé ṣe. Mo bi í bóyá wọ́n lè má fún mi. Ó ní ìyẹn náà ṣeé ṣe. Mo ní èwo ló wá dájú níbẹ̀. Ó ní kí n lọ ya fọ́tò.

Kí n tó dìde, ó bèèrè orúkọ iṣẹ́ mi. Mo ní ọdẹ. Ó mi orí láti òkè dé ìsàlẹ̀ ọrùn yẹn, èyí tó gba àkókò. Ó ní ọdẹ lásán kò tó, pé àwọn ará ẹnubodè á ní ọdẹ pọ̀ nílùú, pé orúkọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gùn kó lè fi ìmọ̀ hàn. A jókòó tì í títí ìdí mi fi ta gbòǹgbò sínú àga. Ohun tó jáde níkẹyìn ni Ọ̀gá Àgbà Ọdẹ Alámòójútó Ọ̀kẹ́rẹ́ Orí Igi àti Ọ̀kẹ́rẹ́ Orí Ògiri. Kí Olóbì tó ka orúkọ náà tán, ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ igi obì mìíràn kanlẹ̀.

Ibi tí ìyà wà gan-an nìyí. Ìwé ìlú wọn ní ẹ̀mí. Wọn a máa bí i, á dàgbà, á darúgbó, á sì kú. Ìwé dókítà tí mo gbà, ìkókó ni lọ́jọ́ tí dókítà gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ń ké nínú àpò mi, mo ń jò ó. Ìwé ọlọ́pàá tó sọ pé n kì í ṣe olè, òun ti tó ọmọ tó ń rìn, ó ń da àpò rú. Òfin sì ni pé gbogbo ìwé náà gbọ́dọ̀ wà láàyè pa pọ̀ lọ́jọ́ tí a bá gbé wọn dé ẹnubodè. Bí ọ̀kan bá kú láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mo lọ ya fọ́tò. Ayàwòrán ní n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, n kò gbọdọ̀ fi eyín hàn. Èmi? Mo wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i, mo yọ ojú, mo ju etí. Àwòrán náà jáde, ọ̀bọ ló wà níbẹ̀, ọ̀bọ tó lẹ́wà díẹ̀. Agbẹjọ́rò dá a pa dà. Mo lọ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ayàwòrán ṣì ń bínú, ó yà mí láìní etí. Wọ́n tún dá a pa dà. Nígbà tí mo fi rí fọ́tò tí wọ́n gbà, ìwé ọlọ́pàá ti kú pátápátá nínú àpò. Mo sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa dà lọ gba òmíràn. Nígbà tí mo fi gba òmíràn dé, irùngbọ̀n ti ń hù lẹ́nu ìwé dókítà. Bí mo bá gbá tibí mú, tọ̀hún á máa kú lọ. Bàbá Ládépò, ẹ̀yin tí ẹ bímọ púpọ̀, ẹ sọ fún mi bóyá ẹ ti rí irú ìdààmú yìí rí.

Síbẹ̀, Olóbì kò ì tíì lè bẹ̀bẹ̀. Òfin ní kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n lu agogo káàkiri ìlú, kí wọ́n bèèrè bóyá ọmọ onílùú kan wà tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n lu agogo títí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n káwọ́ ńlẹ̀ ni iwin kan yọ tí kò ní apá kankan. Ó ní òun lè lé ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n bi í pé kí ni yóò fi yìnbọn. Ó ní òun kò nílò ìbọn, pé òun á bú wọn títí ìtìjú á fi pa wọ́n. Mo rò pé wọn á lé e lọ. Rárá o. Ọmọ onílùú ni, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò. Ó dúró sábẹ́ igi, ó bú ìyá ọ̀kẹ́rẹ́, ó bú bàbá rẹ̀, ó bú ìrù rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà lórí ọkùnrin náà, ó dé e, ó sì gun igi rẹ̀ pa dà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n dán an wò, kò ṣeé ṣe. Gbogbo bí èyí ṣe ń lọ, èmi wà lẹ́yìn odi ìlú tí mò ń yọjú wò wọ́n, tí mò ń jẹ èékánná, ìwé dókítà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú àpò mi.

Ìgbà náà la wá kó gbogbo rẹ̀ dé ẹnubodè. Adènà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó ga bí ilẹ̀kùn ààfin, etí kan ṣoṣo ló sì ní, ó wà níwájú orí rẹ̀, ó fẹ̀ bí àtẹ. Olóbì dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Adènà gba fọ́tò, ó gba ìwé ọlọ́pàá, ó gba ìwé dókítà tó ń gbọ̀n. Ó ní ó ku ẹ̀rí pé ọ̀mọ̀ṣẹ́ ni mí. Inú mi dùn. Mo fọ ọ̀nà ọ̀fun, mo ní lọ́dún tí ọ̀dá dá wa ní Òkè-Ìrókò. Etí náà pa dé. Mo gbóhùn sókè, ó tún há mọ́ra sí i. Agbẹjọ́rò na ọrùn bọ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó rọra sọ fún mi pé etí yìí kì í gbọ́ ohun tí èèyàn bá sọ nípa ara rẹ̀, pé ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí.

Gbogbo yín lẹ mọ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Bàbá Ọdẹ́rìndé ti Ìdí-Àyúnrẹ́ ni. Òun ló gbà mí nígbà tí n kò mọ ẹnu ìbọn yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, òun ló tọ́ mi títí ó fi gbàdúrà fún mi tó ní kí n máa dá ṣọdẹ lọ. Wọ́n rán lékeléke sí i. Ẹyẹ náà lọ, ó bọ̀, ó ya ẹnu, ohùn Bàbá sì jáde níbẹ̀ kedere:

“Ọdẹ́lékè? Ó ń gbìyànjú. Ọmọ dáadáa ni. Kí Ọlọ́run máa ràn án lọ́wọ́.”

Mo jó. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yìí, ẹ mọ ìdí tí mo fi jó. Ta ni nínú àwọn àgbà wa tí yóò dúró níwájú àjèjì tí yóò máa yin ẹni tó kọ́ níṣẹ́, kí orí rẹ̀ lè wú, tàbí kí aráyé lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ? Bí Bàbá Ọdẹ́rìndé bá sọ pé ẹnì kan ń gbìyànjú, kí ẹfọ̀n tètè kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú igbó ni.

Adènà kò jó. Ó ní bí ó bá ń gbìyànjú, ó túmọ̀ sí pé kò ì tíì lè ṣe é. Olóbì ní rárá, alàgbà, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi tó ti wá nìyẹn. Adènà ní bí ó bá sì jẹ́ pé àdúrà ìrànlọ́wọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ń gbà fún un, a jẹ́ pé ọ̀gá náà kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó ti ìwé ẹ̀bẹ̀ náà pa dà sọ́dọ̀ wa. Ó ní kí ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ tó dá ṣáká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa lọ sílé. Lékeléke tún fò lọ.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún débi tí ẹja fi ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo mọ̀ pé Bàbá kò ní yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa dà. Ẹyẹ náà ìbáà lọ títí ìyẹ́ rẹ̀ á fi re, ohun kan náà ni Bàbá yóò máa sọ, nítorí pé ọmọlúàbí ni. Irun ìwé dókítà ti funfun báláú, ó ti ń fi ọ̀pá rìn nínú àpò. Olóbì jókòó tì mí, orí rẹ̀ kò yí mọ́. Ó ní obì tó kù kò ju ti igun kan nínú ọgbà lọ.

Ìgbà náà ni ọgbọ́n yìí wá sí mi lórí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo yọ́ wọ inú igbó, mo já òwú, mo fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgbọ̀n. Mo da eérú sórí, mo tẹ ẹ̀yìn, mo ṣẹ́ igi ṣe ọ̀pá. Mo wá ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí arúgbó lójú ọ̀nà, mo ń wúkọ́ bí ìwé dókítà. Mo ní èmi ni Ọdẹ́rìndé, pé mo fúnra mi wá jẹ́rìí. Olóbì bèèrè ibi tí Ọdẹ́lékè wà. Mo ní mo pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó lọ tọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, etí yẹn là. Lójú tirẹ̀, ẹlòmíràn ni mò ń yìn. Mo da ọ̀rọ̀ sí i bí ẹni da ọkà sínú àká. Mo ní Ọdẹ́lékè yìí, kó tó re eyín ọmọdé ló ti fi itọ́ lásán pa ìnàkí. Mo ní ó yìnbọn sókè lánàá, ẹyẹ ọ̀la ló bọ́ sílẹ̀. Mo sọ ti oòrùn, mo sì fi òṣùpá kún un. Etí náà ń fẹ̀ sí i títí ó fi tó ẹní. Adènà bi mí bóyá ó ní àléébù kankan.

“Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní,” mo wí, mo sì mí kanlẹ̀. “Kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀.”

Adènà dìde. Ó gbé òǹtẹ̀ físà, odindi ìtì igi ni, ó gbé e sókè gàgàrà. Orí Olóbì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Èmi ti ń gbọ́ òórùn ẹran sísun nínú ilé onípáànù. Mo ti ń rí Àwẹ̀ró tó ń bu ọbẹ̀.

Lékeléke bà sórí ẹnubodè. Ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Bàbá Ọdẹ́rìndé ni. Wọ́n sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dá mi dúró, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rán ẹyẹ. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó la Igbó Aṣípòpadà já bó ṣe dàgbà tó yẹn, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún mi. Eruku bò ó dé orúnkún. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Orí mi sọ fún mi pé kí n dúró bó ṣe yẹ, pé èmi ni Ọdẹ́rìndé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé, ẹ sọ ohun tí ara máa ń ṣe bó bá ṣàdédé rí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Kí n tó mọ̀, àyà mi ti kanlẹ̀. Mo nà gbọnrangandan nínú iyẹ̀pẹ̀, ọ̀pá bọ́ sọ́tọ̀, irùngbọ̀n òwú bọ́ sọ́tọ̀, ohùn ara mi gan-an ló sì jáde lẹ́nu mi.

“Ẹ kú ìrìn, Bàbá.”

Òǹtẹ̀ dúró lókè. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ yí irùngbọ̀n òwú náà wò.

“Pẹ̀lẹ́, Ọdẹ́lékè. Dìde ńlẹ̀. Ìgbà wo lo hu irùngbọ̀n?”

Adènà bi Bàbá pé ta ni í ṣe. Ó ní òun ni òun kọ́ mi níṣẹ́. Adènà wá bi í pé ta wá ni èyí tó ti ń jẹ́rìí láti àárọ̀. Mo rí i pé Bàbá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ irọ́, tí kò sì ní pa mí lára, kò sì rí i. Ìwé dókítà sín lẹ́ẹ̀kan nínú àpò mi, ó kú. Adènà yí òǹtẹ̀ náà pa dà sí ìdí rẹ̀ tó pupa, èyí tó túmọ̀ sí rárá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ìwé ẹ̀bẹ̀ mi, ilẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n mú mi.

Mo sá. Ẹ kò tíì rí eré. Mo sá tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji mi kò fi lè bá mi, ó jókòó sílẹ̀ lọ́nà, ó ń mí. Mo gbọ́ lẹ́yìn mi tí Olóbì ń fa àga fún Bàbá Ọdẹ́rìndé, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, pé òun fẹ́ bi í ní nǹkan kan nípa ọ̀kẹ́rẹ́. N kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Mo fi orí ṣí ilẹ̀kùn, mo fi àyà ṣí òmíràn, mo fo ògiri, mo la àárín àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ kọjá. Nínú gbogbo ẹnubodè tí mo sá gbà jáde lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀kan tó bèèrè ìwé lọ́wọ́ mi.